Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ka Ẹrù Wa Kó Tó Di Mínísítà

Bí ètò ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ní agbègbè àwọn òkè Ìdáàṣà, ìyìn kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń polongo. Wọn á ní ọ̀mọ̀wé ni ẹni tí àwọn mú wá yìí. Wọn á ní ó ti kàwé dé góńgó, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, ó ń sọ Faransé bí ẹni tí wọ́n bí sí Paris. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ìyá tó ń ta gààrí ní oríta Ìdáàṣà náà á pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó sọ fún un ohun tí gbogbo ìwé tí ọkùnrin náà kà fẹ́ ṣe fún gààrí tó gbé kalẹ̀.

Àwa kò bá ìwé jà. Ìwé ni iṣẹ́ tiwa náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbéèrè tí à ń bi àwọn ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ ṣòṣèlú kò tó. À ń bi wọ́n pé ìwé wọn pọ̀ tó mélòó. Ó yẹ ká bi wọ́n pé orí kí ni wọ́n kà á lé, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí, kí sì ni wọ́n fi ohun tí wọ́n rí ṣe nígbà tí àyè ìjọba ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ẹnì kan wà tí a lè fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń wọn irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Ogunsola Igué ni.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Kútọnu ló mọ orúkọ yìí. Nínú ọjà Glazoué, a kò rò pé ẹni mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe nínú irú ọjà bíi ti Glazoué gan-an ni ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lé lórí. Jọ́gíráfì ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọ́n ń gbé gba ọ̀nà náà. Ó ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, ó darí ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní LARES ní Kútọnu, láti 1998 dé 2001 ó sì jẹ́ mínísítà fún ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké nínú ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou. Ìbò kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ààrẹ ló ń yan mínísítà, ààrẹ náà ló sì ń yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà bá a.

Ní 1970, Igué parí ìwé ìwádìí kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Dahomey, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, àti àwọn tó wà ní àárín gbùngbùn Togo. Ó lè yan ohun mìíràn. Iṣu, ọkọ́ àti ebè ló yàn.

Ẹni tó bá mọ Ìdáàṣà á mọ ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi wúlò. Àwọn baba ńlá tó tẹ ibẹ̀ dó kò gun orí àpáta nítorí atẹ́gùn. Ogun ọba Dahomey ló lé wọn gòkè. Orí àpáta ni ilé wà, ìsàlẹ̀ ni oko wà, ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ kò mọ̀ bóyá ilé ni òun máa sùn lálẹ́ tàbí ojú ọ̀nà Àgbọ̀mẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Ìgbà tí Béhanzin juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Faransé ní oṣù Kìíní ọdún 1894 ni ẹ̀rù yẹn tó kúrò nílẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń la oko tó jìnnà sílé, aba di abúlé, abúlé di ibi tí wọ́n ń ná ọjà. Rélùwéè láti Kútọnu gba Ìdáàṣà kọjá lọ sí Ṣábẹ, ó sì dé Parakou níkẹyìn. Títì ọkọ̀ náà pín sí méjì ní oríta: ọ̀kan kọrí sí Glazoué, Ṣábẹ àti Parakou títí dé ẹnubodè Niger, èkejì kọrí sí Savalou àti Djougou. Báyìí ni ọmọ ẹni tó ń fi àpáta ṣe odi ṣe di ẹni tó ń na iṣu sí awakọ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Kò sí ìwé òfin tó pàṣẹ ìyípadà yẹn. Kò sí mínísítà tó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá oníṣòwò ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ oko, kó jókòó lórí àpótí nínú ọjà, kó máa bèèrè. Irú ìmọ̀ tí Igué lọ wá nìyẹn, ìdí sì nìyí tí a fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ìmọ̀ wọn kò jáde kúrò nínú yàrá ìkàwé rí.

Ní 1973, òun àti Olabiyi Yai kọ àpilẹ̀kọ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Dahomey àti Togo. Yai yìí náà ni onímọ̀ èdè tó padà jẹ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ UNESCO láti 2007 dé 2009, tó sì kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Lójú tiwa, ìwúlò irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó rán àwọn ará Ìbàdàn àti Ifẹ̀ létí pé Yorùbá kò tán ní Ìdìrókò. Àwọn òyìnbó méjì ló jókòó ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, tí wọ́n fa ìlà kan sórí ìwé, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ fi bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ìmẹ̀kọ tí òun wà ní Kétu kò yéé lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìlà. Nígbà tó bá sì ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo. Ìyẹn ni ìjọba wá ń pè ní fàyàwọ́.

Níbí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kan oníṣòwò tààrà. Ní 1983, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí òwò tí ìjọba mọ̀, òwò tó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti òwò abẹ́lẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó di 1992, òun àti Bio Goura Soulé kọ odidi ìwé kan lórí Benin, tí ilé ìtẹ̀wé Karthala tẹ̀ ní Paris. Orúkọ ìwé náà lédè Faransé ni *L'État-entrepôt au Bénin*. Ní èdè tiwa, ẹ lè pè é ní "Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ilé ìkẹ́rùsí." Ìbéèrè ni wọ́n sì fi tẹ̀ lé orúkọ náà: ṣé òwò abẹ́lẹ̀ lásán nìyí, àbí òun ni ọ̀nà àbáyọ nínú ìṣòro tó wà nílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí yìí kò le láti yé wa. Ẹ wo àpò ìrẹsì kan. Ọkọ̀ ojú omi gbé e láti ilẹ̀ Éṣíà wá sí èbúté Kútọnu. Àwọn dùánì gba owó orí rẹ̀, owó náà wọ àpò ìjọba Benin. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù gbé e kúrò ní èbúté lọ sí ìlú tó sún mọ́ ẹnubodè. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà àti ọkọ̀ kéékèèké á pín in gbé gba ọ̀nà igbó wọ Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de ìrẹsì òkè òkun ní àárín àwọn ọdún 1980, ṣe ni òwò náà tún gbóná sí i, nítorí bí òfin bá ṣe le tó níbẹ̀ ni èrè ṣe ń pọ̀ tó níbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òkìrìkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti adìyẹ inú yìnyín. Epo bẹntiróòlù ní tirẹ̀ ń ti Nàìjíríà bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó sì wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà láti Sẹ̀mẹ̀ dé Ìdáàṣà, tí gbogbo ayé ń pè é ní kpayo.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì fi hàn ni pé kì í ṣe àwọn olè kéékèèké ló wà nídìí òwò yìí. Ètò ni. Ó ní olórí, ó ní ẹni tó ń yá èèyàn lówó, ó ní ìbátan láti ìlú dé ìlú, ó ní ọ̀nà tó ti wà kí òyìnbó tó dé. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀ láti èbúté. Oníṣòwò tó bá gbọ́ èyí inú rẹ̀ á dùn, ó sì tọ́ kí inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ burúkú pè é, ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì wá sọ pé ẹ wá wò ó, òwò gidi nìyí.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ara wa. Apá kan ìwé yẹn là ń fẹ́ láti gbọ́. Apá kejì kò dùn mọ́ni. Ilé ìkẹ́rùsí kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù kọjá, ọjọ́ tí ẹlẹ́rù bá yí ọ̀nà padà, tàbí tí ẹni tó ń rà á bá ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo. Orílẹ̀-èdè tó bá fi ìyàtọ̀ òfin láàrin òun àti aládùúgbò rẹ̀ jẹun, aládùúgbò yẹn ló di abọ́ oúnjẹ rẹ̀ mú.

A rí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Lọ́jọ́ náà ni Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n sọ ni ìrẹsì àti epo, ohun tí ìwé 1992 ti kọ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọkọ̀ tò síta ní Sẹ̀mẹ̀. Tòmátì jẹrà, ọ̀pẹ̀yìnbó jẹrà. Ẹni tó ń ta tòmátì kò fa wàhálà ìrẹsì, òun ló sì san owó rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnubodè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tún di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun ní Nàìjíríà dìde níbi ìbúra rẹ̀, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ní Àbújá, kpayo wọ́n ní Ìdáàṣà, owó ọ̀kadà gbéra, owó iṣu tí ọ̀kadà ń gbé láti oko gbéra pẹ̀lú. Nínú gbogbo èyí, kò sí ìbò tí a dì tó lè yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ipò mínísítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ gbogbo ohun tí a kà yìí wọ ìjọba ní 1998, ipò tí wọ́n sì fún un bá ìmọ̀ rẹ̀ mu: ilé-iṣẹ́. Bí ẹni sọ pé, ìwọ tí o ní ilé ìkẹ́rùsí ni wá, ó yá, wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe ẹrù tiwa. Ní 1999, nígbà tó ṣì wà lórí àga, ó tẹ ìwé mìíràn jáde nípa Benin àti ọrọ̀-ajé àgbáyé, tí àkọlé rẹ̀ sọ gbangba pé ó ní ibi tí fífi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún ọjà lè dé dúró. Èyí wù wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni í pa ẹnu mọ́ tí wọ́n bá ti jókòó sí ìdí oyè. Ti ẹni tó ń kọ̀wé lórí àga kò wọ́pọ̀, pàápàá ní ìgbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ àgbáyé ń sọ fún gbogbo Áfíríkà pé kí ìjọba kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú òwò, kó ta ohun tó ní.

Ọdún mẹ́ta ló lò. Ọdún mẹ́ta kéré fún ilé-iṣẹ́. Ẹni tó gbin kajú ní Ìdáàṣà lọ́dún tí wọ́n yàn án, igi náà kò ní tíì so dáadáa nígbà tó fi máa kúrò. A sì mọ ẹni tí tirẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìhà Nàìjíríà, Ọ̀mọ̀wé Omololu Olunloyo, ọmọ Ìbàdàn tó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì St Andrews ní 1961, di gómìnà Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1983. Nígbà tó di ọjọ́ ìparí ọdún yẹn, àwọn ológun gba ìjọba. Oṣù mẹ́ta péré. Onímọ̀ ìṣirò nìyẹn o, ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn ológun kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Nítorí náà a kò ní bá àwọn tó ń bèèrè pé "kí ni Igué kọ́ sílẹ̀?" dúró síbi kan náà. Ìbéèrè yẹn kò tọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà ní Ṣábẹ, lẹ́bàá ibi tí a wà yìí. Benin àti Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀ papọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: ìrèké láti ilẹ̀ wa, owó láti orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣúgà fún ọjà méjèèjì. Ohun gan-an tí onímọ̀ nípa ẹnubodè á fẹ́ nìyẹn. Kò rìn bí wọ́n ṣe rò. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ kan láti Ṣáínà ni wọ́n gbé e fún láti máa darí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí Igué tó dé, ó sì ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Mínísítà yòówù tó bá jókòó sí Kútọnu á bá irú rẹ̀ lórí tábìlì: ilé tí ìjọba méjì kọ́, tí kò sí ẹni tó bi àgbẹ̀ ìrèké léèrè bóyá iye tí wọ́n fẹ́ san á jẹ́ kó fi iṣu sílẹ̀.

Ohun tí àwa ń bínú sí yàtọ̀. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé bá kúrò nínú ìjọba, ìmọ̀ rẹ̀ máa ń bá a lọ. Ó wá, ó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́, wọ́n yọ ọ́, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣí ìwé náà wò. Àwọn ìyá tó dúró dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn olùwádìí lábẹ́ oòrùn, tí wọ́n sọ iye àpò tí wọ́n gbé, ẹni tí wọ́n tà á fún àti iye tí wọ́n san lójú ọ̀nà, ṣe ni wọ́n gbé òwò wọn fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí lónìí. Oníṣòwò tó ń gbé gààrí àti iṣu gba ẹnubodè lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin ECOWAS. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà ti fẹnu kò pé nǹkan oko tí a kò tíì sọ di ohun mìíràn, tó jẹ́ ti ilẹ̀ wọn, kò gbọ́dọ̀ san owó orí dùánì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàrin wọn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn máa rìn fàlàlà. A ti bi àwọn oníṣòwò kan léèrè nípa èyí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Ọ̀kan ní òun ò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà, gbogbo okùn tí wọ́n ta kọjá títì ni òun ti ń sanwó.

Òfin tí ẹni tó kàn kò mọ̀, ìwé tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ kò lè kà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú wa báyìí ni ti kajú. Ìjọba pàṣẹ pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó kajú tútù, ìyẹn èyí tí a kò tíì fọ́, jáde kúrò ní Benin mọ́. Kí wọ́n fọ́ ọ nílé ni wọ́n ní, kí iṣẹ́ lè wà fún àwọn ọ̀dọ́, pàápàá ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Glo-Djigbé. Tí a bá fi ojú ìwé 1992 wò ó, òfin yìí ní ìtumọ̀. Ó fẹ́ mú wa kúrò nínú kíkó ẹrù ẹlẹ́rù, kó jẹ́ ká máa ṣe tiwa. Àwa kò takò ó. Ṣùgbọ́n òkè Ìdáàṣà wà lára ibi tí kajú ti ń jáde, àgbẹ̀ ibẹ̀ sì mọ ohun kan tí kò sí nínú àṣẹ náà: bí àwọn tó ń rajà bá dín kù, àwọn tó kù ni yóò máa sọ iye tí wọ́n á rà á. Ìjọba ní òun ń fi iye tó kéré jù lélẹ̀ lọ́dọọdún. Ó dáa. Ta ló ń dúró nínú oko láti rí i pé iye yẹn ni wọ́n san, lórí òṣùwọ̀n tí kò parọ́? Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí Igué àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ayé ìrẹsì?

Ti Niger náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS pàṣẹ kí wọ́n ti ẹnubodè. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n gbé àṣẹ náà kúrò, Benin ṣí tirẹ̀, Niger kò ṣí ní ìhà tiwọn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń gba oríta Ìdáàṣà lọ sí Malanville ló ń fún ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń lẹ táyà àti ẹni tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà ní owó. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí wọ́n pè sí ìpàdé Àbújá. Igué tún kọ ìwé kan jáde ní 2006 lórí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó fi ọ̀rọ̀ àìdánilójú ṣe àkọlé rẹ̀. A rò pé àwọn tó ń ta oúnjẹ ní oríta mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Láti 1999 ni ẹkùn Collines ti yapa kúrò lára Zou, tó dá dúró. Ìdáàṣà, Glazoué, Ṣábẹ, Savalou, Bantè àti Ouèssè ló wà nínú rẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé ó ju 700,000 èèyàn lọ. Àwọn méèrì wà, àwọn dépútè wà. Nínú wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé kò ní tán, kò sì yẹ kí wọ́n tán. Nígbà tí irú wọn bá dé oríta tún wá bẹ̀bẹ̀ fún ìbò, ẹ má jẹ́ kí oyè inú ìwé dí yín lójú. Ẹ bi í léèrè èló ni wọ́n ra kílò kajú kan ní Glazoué lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bi í pé okùn mélòó ló wà láàrin Ìdáàṣà àti ẹnubodè Nàìjíríà. Ẹ bi í pé tó bá di mínísítà tí wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, níbo ló máa fi ìwé tó fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí, tí ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á fi rí i. Ẹni tó bá dáhùn èkíní láì wo fóònù, ẹ lè fún un láyè kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun kan kù tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò sì ní ná ìjọba ní nǹkan púpọ̀. Èdè Faransé ni ìwé 1992 yẹn. Ìdáàṣà ní rédíò tirẹ̀, Rédíò Ilema. Tí wọ́n bá lè wá wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan tó gbọ́ Faransé dáadáa máa sọ ohun tó wà nínú ìwé náà ní èdè Ìdáàṣà, orí kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n sì ṣí fóònù sílẹ̀ fún àwọn ìyá oníṣòwò. Wọ́n á pè. Wọ́n á sọ ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti rí i dáadáa, wọ́n á sì sọ ibi tí kò ti ka ẹrù wọn pé.